Torí Èèrà, Ẹ Má Da Májèlé Sínú Ilé

Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ń bi wá: kí la lè ṣe sí èèrà? Ẹni tó ń ta gàrí ń bèèrè, ẹni tó ń ta ẹ̀pà ń bèèrè, ìyá tó ń se oúnjẹ tà ní Máfolúkù náà ń bèèrè. Èèrà ti wọ ṣúgà, ó ti wọ mílíìkì ọmọ, ó ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ sára ògiri bí àwọn èrò tó ń dúró de mọ́tò ní Bọ́ládé.

A ó dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn wá lọ́kàn. Bí èèrà bá ti yọjú báyìí, òtapíàpíà ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ rà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn tó ń kiri rẹ̀ lábẹ́ bíríjì Òṣòdì, tí gbohùngbohùn wọn ń ké láti àárọ̀ dalẹ́ pé ó ń pa èèrà, ó ń pa aáyán, ó ń pa ìdun, ó ń pa ẹ̀fọn. Ohun tó ń pa gbogbo ìwọ̀nyẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣé ẹ rò pé ó mọ̀ pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ara wọn ni? Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Dichlorvos, tí wọ́n tún ń pè ní DDVP, ló sábà máa ń wà nínú òtapíàpíà yẹn. Oògùn oko ni. Iṣan tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara ló ń dà láàmú. Ó ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ ara wọlé, kò dìgbà tí èèyàn bá mu ún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà á mọ́ àwọn oògùn kòkòrò tó léwu gidigidi. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, láti 100ml wálẹ̀, lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìgò lítà kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní àṣẹ láti ta oògùn oko. Àjọ yìí kan náà ló ti kìlọ̀ léraléra fún àwọn tó ń fi í sí ẹ̀wà torí kòkòrò. Àmọ́ ẹ rìn wọ ọjà lónìí, ẹ ó ṣì bá a nínú ike tí kò lórúkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá tòmátò.

Bí ẹnì kan bá ti fara kó o, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tó ń làágùn, tó ń bì, tí mímí ń nira fún un, ọsibítù ni, kíákíá. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn án kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, ẹ mú ike oògùn náà dání lọ fún dókítà. Ẹ má dúró máa ro epo pupa sí i lẹ́nu, pàápàá ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́. A mọ̀ pé ohun tí ìyá wa fi ń ṣe é nìyẹn. Epo yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì ti di wàhálà mìíràn.

Ibi tó tún ń bí wa nínú ni pé májèlé yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún èèrà. Èèrà tí ẹ ń rí lórí tábìlì, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni. Ìyá tó bí gbogbo wọn kì í jáde wá jẹ ṣúgà. Inú ihò ló wà, abẹ́ táìsì, ẹ̀yìn ògiri, abẹ́ àpáta ẹnu ọ̀nà, tó ń yé ẹyin. Ẹ pa igba, á bí igba mìíràn. Èyí tó burú jù ni àwọn tín-ín-tín-ín aláwọ̀ ìyeyè yẹn: bí a bá fín oògùn líle sí wọn, ìdílé kan lè pín sí mẹ́ta, kí kálukú wá ibi tirẹ̀ tẹ̀dó sí. Ẹ ti fi owó yín ra èèrà kún èèrà nìyẹn.

Nígbà náà, báwo ni wọ́n ṣe ń rí oúnjẹ wa? Òórùn ni. Bí òṣìṣẹ́ kan bá bá ẹyọ ṣúgà pàdé, bó ṣe ń padà sílé ló ń fi ikùn kan ilẹ̀, tó ń fi òórùn kan sílẹ̀ tí imú tiwa ò lè gbọ́. Èyí tó kàn á tẹ̀ lé e, òun náà á fi tirẹ̀ lé e, kó tó pẹ́ ọ̀nà ti di títì márosẹ̀. Torí náà, ọ̀nà yẹn ni ká bá jà. Ìdí nìyí tí gbígbá wọn dànù pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lásán ò fi ń tán an: ẹ gbá èèrà lọ, ẹ fi òórùn sílẹ̀.

Omi ọṣẹ ló yẹ kó ṣáájú gbogbo nǹkan. Ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ abọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fi àkísà nu ojú ọ̀nà wọn láti ibi oúnjẹ títí dé ihò tí wọ́n ti ń jáde. Ó ń pa àwọn tó bá kàn, ó sì ń fọ òórùn náà kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Èèpo ọsàn gan-an lágbára ju omi rẹ̀ lọ, torí òróró inú èèpo yẹn ni kòkòrò ń sá fún. Ẹ fi èèpo náà ra ojú ihò dáadáa. Ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jáde sínú oòrùn o, torí omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn máa ń jó awọ. Ẹ má sì po fínígà mọ́ Jik láé. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde lè fún èèyàn lọ́rùn.

Eérú igi tí ìyá àgbà ń lò ńkọ́? Ó dára, a fọwọ́ sí i. Èèrà kì í fẹ́ rin inú eérú gbígbẹ. Ẹ ta á sí ẹnu ọ̀nà, sí ìdí ògiri. Àmọ́ bí omi bá ti kàn án, ó parí, ẹ óò tún un ta ni. Kànáfùrù àti ata gígún náà ń lé wọn sẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé gbogbo ìwọ̀nyí ń lé èèrà ni, wọn ò pa ìdílé wọn run. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ewé kan wà tí ẹ máa jù síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí èèrà ò ní wá mọ́ títí ayé, ọjà ló ń tà. Iyọ̀ tí gbogbo ayé ń gbé kiri lórí fóònù yẹn, àwa ò rí ohun tó ń ṣe. Ẹ fi se ọbẹ̀, ẹ jàre.

Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní ti Ṣáínà, tí wọ́n ní kí ẹ fi fa ìlà sílẹ̀, kì í ṣe oògùn ìbílẹ̀ o. Oògùn kòkòrò ni wọ́n pò mọ́ ọn, ó sì jọ ṣọ́ọ̀kì tí tíṣà ń lò. Ọmọ ọdún méjì ò mọ ìyàtọ̀, ẹnu ni yóò gbé e lọ.

Bóráàksì nìkan ni a mọ̀ nínú èyí tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ pò, tó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Ìdajì ṣíbí tíì nínú ife omi ṣúgà kan. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí ojú ọ̀nà wọn. Ẹ má fọ ọ̀nà yẹn ní tiyín lásìkò yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sílé fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá pò ó le jù, wọ́n á kú sójú ọ̀nà, kò ní délé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan jíjẹ. Ilé tí ọmọ kékeré tàbí ajá wà, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kó gàrí sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bóráàksì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ gan-an ni ti ilé tí à ń gbé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lẹ́bàá kánààlì Òkè-Afá àti gbogbo ibi tí omi kì í tètè lọ, òjò ń kún ilé èèrà, wọ́n á wá gòkè wá sọ́dọ̀ wa. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí ẹ fi dí ojú ihò, páìpù sìnkì tó ń jò tí ẹ tún ṣe, wọ́n ju òtapíàpíà ọdún kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tí yàrá ti kọjú síra wọn, tí ayálégbé mẹ́jọ jọ ń lo kíṣìnnì kan, ẹ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá nu tirẹ̀ tí ẹnì kejì fi ìkòkò ìrẹsì sùn, àsán ni. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ láìbínú. Lánlọ́ọ̀dù náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ti òun ni ògiri.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má gbé ìjà inú ilé lọ sóko o. Àwọn èèrà pupa tó máa ń lẹ ewé pọ̀ ṣe ilé sórí igi máńgòrò, tó ń bu èèyàn jẹ bí iná yẹn, òṣìṣẹ́ yín ni wọ́n. Ní Benin, nílẹ̀ Parakou, àwọn olùwádìí ti rí i pé igi máńgòrò tí wọ́n bá wà lórí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní èso tí eṣinṣin ti bàjẹ́. Àwọn ará Ṣáínà ti ń lò wọ́n nínú oko ọsàn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìjàlọ náà, bí wọ́n bá ya wọ abà, àwọn àgbà kì í bá wọn jà. Wọ́n á gbé ọmọ àti adìẹ jáde, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n kọjá. Tí wọ́n bá fi máa padà wọlé, aáyán àti ọmọ eku ti tán níbẹ̀. Ti ata àti ilá lẹ́yìnkùlé ló yàtọ̀: bí ẹ bá rí èèrà tó ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀, ẹ yẹ abẹ́ ewé wò. Iná ewé ló wà níbẹ̀, tí èèrà ń sìn bí ẹran ọ̀sìn torí omi dídùn tó ń jáde lára wọn. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ iná ewé yẹn, èèrà á bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ni a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dè. Àpò kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fara ti ògiri. Ẹ gbé e sórí pákó tó ní ẹsẹ̀, kí ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tó ní omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sí i. Ìyá kan tó ń ta gàrí nítòsí wa ní Ìsọlọ̀ ṣe gbogbo èyí, ó ní èèrà ṣì ń wọ gàrí òun, pé irọ́ la pa. A lọ wò ó. Agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, omi kún wọn. Okùn tó fi so bọ́ránńdà tó fi bo gàrí ló kan ògiri, orí okùn yẹn ni gbogbo wọn ń gbà. A já okùn náà, a fi òkúta tẹ orí bọ́ránńdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu kóńgò kan fún wa, ó sì gba owó rẹ̀.