Kọ́nséyè Kì Í Ṣe Oyè, Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ilé Ìwé

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Pobè, Sakété, Ìfọ̀nyìn àti Adja-Ouèrè, ẹ̀yin tí ẹ wà lápá kejì bodè ní Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti Òkè-Odàn! Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí máa dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

Bí ọmọ Yorùbá kan bá wọ ìgbìmọ̀ ìlú lókè òkun, ṣe ni fọ́tò rẹ̀ máa ń gba ìgboro kan. A ó kọ ọ́ pé "ọmọ wa nìyẹn". A ó wúre fún un. A ó fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará. Kò burú. Àmọ́ mo fẹ́ bi yín: kí lorúkọ kọ́nséyè tó ń ṣojú arrondissement tiyín? Ìgbà wo ló dé ilé ìwé tí ọmọ yín ń lọ kẹ́yìn? Mélòó nínú wa ló lè dáhùn láìkọ́kọ́ pe ẹlòmíràn lórí fóònù?

Ẹ jẹ́ ká mú Rotimi Adebari tí a fẹ́ràn láti máa dárúkọ. Òkè-Odàn ni wọ́n bí i sí, nítòsí bodè tó yà wá yìí. Ọdún 2000 ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn dé Ireland, wọ́n sì bẹ ìjọba ibẹ̀ fún ààbò. Portlaoise ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ìlú kan tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 15,000 nígbà yẹn, tí ọ̀pọ̀ wọn ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Dublin, tí wọ́n ń padà wálé sùn. Òfin ilẹ̀ náà kò gba ẹni tó ń wá ààbò láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà náà. Adebari kò torí ìyẹn ká ọwọ́ gbera. Òun àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kó ara wọn jọ kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2004, àwọn ará ìlú dìbò fún un sínú ìgbìmọ̀ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yàn án ní mẹ́ẹ̀rì, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Ireland. Lọ́dún 2009, wọ́n tún dìbò fún un, ó sì wọ ìgbìmọ̀ gbogbo ẹkùn Laois pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé ohun kan. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò fún Adebari ni gbogbo Ireland dìbò pé ọmọ tí àlejò bá bí sílẹ̀ wọn kò ní máa torí ìbí nìkan di ọmọ orílẹ̀-èdè mọ́. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òyìnbó fẹ́ràn àlejò jù wá lọ. Ẹ̀rù àlejò ń bà wọ́n bó ṣe ń ba gbogbo ayé. Síbẹ̀, nígbà tó kan ẹni tí yóò bá wọn mójú tó ìlú, àwọn ará Portlaoise rí ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín wọn, wọ́n sì fún un níbò. Kò ní ìdílé níbẹ̀. Kò ní baba ńlá tí wọ́n sin síbẹ̀.

Wàyí o, ká ní Adebari kò lọ sí Ireland ńkọ́? Ká ní ṣe ló gba ọ̀nà oko kọjá bodè, tó dé Pobè tàbí Kétu lọ́dún 2000, tó ń sọ èdè tí à ń sọ, tó ń jẹ ohun tí à ń jẹ. Ṣé a ó dìbò fún un lọ́dún 2004? Òfin Benin á kọ́kọ́ ní kó mú ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè wá. Ti Ireland kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gbé ìlú, tó fẹ́ dìbò tàbí díje fún ìgbìmọ̀ ìlú. Ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, ẹnu tiwa ńkọ́? "Àtọ̀húnrìnwá ni." "Ta ni baba rẹ̀?" "Ọ̀họ̀rí ni, kì í ṣe ará ìlú." Àwa tí òyìnbó fa ìlà sí láàárín lọ́dún 1889, tí à ń sunkún rẹ̀ títí di òní, àwa náà la tún ń fa ìlà kéékèèké láàárín ara wa bí ìdìbò bá ti dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé a ti sọ ipò kọ́nséyè di oyè. Ìdílé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu: Alápìní, Mágbó, Àró, Mẹ́sà àti Mẹ́fù. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò tó lọ́lá ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kọ́nséyè kò ní adé, kò sì sí ìran tó ni ín. Òṣìṣẹ́ ìlú ni. A gbà á síṣẹ́ fún sáà kan ni, a sì lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, kí là ń wí bí àkókò bá tó? "Ó kan ilé tiwọn." "Àdúgbò tiwa kò tíì jẹ ẹ́ rí." Ẹni tó bá wọlé torí pé ó kan ilé wọn, ta ni yóò jíhìn fún bí kì í bá ṣe ilé wọn?

Iṣẹ́ tí à ń gbé lé wọn lọ́wọ́ kì í sì í ṣe kékeré. Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999, tí òfin ọdún 2021 ti rọ́pò báyìí, sọ ọ́ kedere: kọ́múùnù ló ni kíkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti jẹ́léósinmi tí ó jẹ́ ti ìjọba, òun ló ni pípèsè àwọn ohun èlò inú rẹ̀, òun ló ni àtúnṣe àti ìtọ́jú. Ọdún 2008 ni owó FADeC bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá sọ́wọ́ àwọn kọ́múùnù, ti ilé ìwé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́: Adebari tí à ń yìn kò ní irú agbára yẹn. Ní Ireland, ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ ló ń kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àwọn òbí sì ń dìbò yan òbí méjì sínú rẹ̀. Kọ́nséyè Kétu ní ọwọ́ nínú ilé ìwé ju mẹ́ẹ̀rì Portlaoise lọ. Ta ló ń bi í?

Bí ìjì bá ṣí òrùlé kíláàsì, ọ̀gá ilé ìwé là ń bá wí. Bí ọmọ mẹ́rin bá ń fún ara wọn lórí àga kan, olùkọ́ là ń bú. Bó bá pọ̀ jù, a ó ní Cotonou ni, a ó ní Ààrẹ ni. Lẹ́yìn náà, APE á ní kí òbí dá owó, òbí á sì san, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kéde láti 2006 pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí òfin gbé òrùlé lé lọ́wọ́ wà níbi ìnáwó ìsìnkú, ó ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí, à ń pariwo pé "èèyàn dáadáa ni, ó lawọ́". Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà wa fọ́fọ́, orí ọmọ ń wọ́, à ń jó.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀. Ẹnì kan á ní: "Kọ́nséyè kò lágbára mọ́. Láti ìgbà tí òfin oṣù kejìlá ọdún 2021 ti dé, secrétaire exécutif ló ń ṣàkóso kọ́múùnù." Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ló ṣì ń dìbò lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó na ọwọ́ sókè fún bọ́jẹ́ẹ̀tì tí òrùlé ilé ìwé àdúgbò rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ kò lè fi secrétaire exécutif bojú.

Ẹlòmíràn á ní: "Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń mú èèyàn, kì í ṣe àwa." Èyí ló wúwo jù, mo sì gbà pé òfin ìdìbò ọdún 2019 kò dára. Ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè gbé orúkọ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní rí ìjókòó kan ṣoṣo, bí gbogbo ará Idigny bá tilẹ̀ tò láti fún un níbò. Ní ìdìbò ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2020, ẹgbẹ́ márùn-ún péré ló díje, mẹ́ta ló pín ìjókòó 1,815: Union Progressiste gba 820, Bloc Républicain gba 735, FCBE gba 260. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, Adebari tó dá dúró kì bá tí dé ẹnu ọ̀nà. Òfin tó ń fi ìbò Malanville àti Cotonou pinnu ẹni tí yóò mójú tó ilé ìwé Idigny kò tọ́. Kí àwọn aṣòfin Plateau gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n kí a má fi òfin náà ṣe ibi ìsápamọ́sí. Ẹgbẹ́ nílò ìbò wa, ẹni tí ìlú bá ń pariwo orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Bí a bá ń pariwo orúkọ ẹni tó ń pín àpò ìrẹsì, òun ni wọn yóò mú. Bí a bá ń pariwo orúkọ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ìyá tó ń ṣírò owó APE láìjí kọ́bọ̀, wọ́n á wá ìyẹn náà kàn.

Ẹ tún kọ́gbọ́n kan lára Portlaoise. Lọ́dún 2014, ìjọba Ireland pa ìgbìmọ̀ ìlú 80 rẹ́, ti Portlaoise sì wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ tí Adebari ti jẹ mẹ́ẹ̀rì kò sí mọ́ lónìí. Ohun tí olú-ìlú bá fúnni, olú-ìlú lè gbà á padà. Bí àwa kò bá mọ iṣẹ́ kọ́nséyè, bí a kò bá lò ó, ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìyókù agbára rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan sọnù?

Ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2026 ti kọjá. Wọ́n dì í pọ̀ mọ́ ti aṣòfin, ariwo aṣòfin sì bo ti kọ́nséyè mọ́lẹ̀. Kò tíì bọ́. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọ́múùnù kì í ṣe ti awo, ará ìlú lè wọlé jókòó. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tí yóò máa lọ, tí yóò máa wá jábọ̀ fún wa ní èdè wa. Kí APE kọ ohun tí ilé ìwé ṣaláìní sórí ìwé, kí wọ́n fi lé kọ́nséyè lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn kí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó dé. Kí APE náà sì ka ìṣirò owó tirẹ̀ síta, torí ẹni tó fẹ́ bi ẹlòmíràn léèrè owó gbọ́dọ̀ mú ti ọwọ́ tirẹ̀ wá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ kọ́nséyè rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí, kó sì kọ iye ìgbà tó dé ilé ìwé lọ́dún yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa bú mi lọ.