Kì í ṣe àkurákudà ló yẹ kí òmùwẹ̀ bẹ̀rù
Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn

Bí ọmọ Jẹ́ríkò kan bá wí nílé pé Íjíbítì lòun fẹ́ ti lo ìsinmi ọdún yìí, pé òun fẹ́ gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn kóun mòòkùn lọ wo ọkọ̀ tó rì sínú Òkun Pupa, ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Àkurákudà ńkọ́?" Ìbéèrè abiyamọ ni. Àmọ́ ibi tí ewu wà kọ́ ló nàka sí.

Ẹja náà kì í ṣe ẹran ọ̀sìn o. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, ọ̀kan pa ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan ní Hurghada, ní Íjíbítì. Ṣùgbọ́n ojú omi lọkùnrin yẹn ti ń lúwẹ̀ẹ́, kò mòòkùn. Ní ti àwọn tó ń mòòkùn lọ síbi òkìtì iyùn, owó gọbọi ni wọ́n ń san kí wọ́n lè rí àkurákudà, òun náà a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ni ewu wà. Bí èèyàn bá dé mítà 10, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Naitrojin inú afẹ́fẹ́ náà á máa wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ lọ. Bó bá wá sáré gòkè, naitrojin yẹn á hó bí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbọ̀n kí wọ́n tó ṣí i. Oríkèé á máa ro ó. Ó lè rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú.

Ọmọ Nàìjíríà kan mọ̀ ọ́n. Harrison Okene ni alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé nítòsí Escravos lóṣù karùn-ún ọdún 2013, tó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Nǹkan bí 60 wákàtí ló lò nínú òkùnkùn, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí. Òkú làwọn òmùwẹ̀ tó wọlé wá ń wá. Ọ̀kan rí ọwọ́ kan, ó fẹ́ dì í mú, ni ọwọ́ náà bá di tirẹ̀ mú! Síbẹ̀, wọn ò gbé e gòkè tààrà. Yàrá onírin tí wọ́n ti ń dẹ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Okene fúnra rẹ̀ padà kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀.

Òkú ọkọ̀ wà létí òkun Èkó náà, àmọ́ omi ibẹ̀ kò mọ́ tó ti Íjíbítì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ mòòkùn fi ń lọ jìnnà. SS Thistlegorm, ọkọ̀ inú Òkun Pupa tí àwọn Jámánì fi bọ́ǹbù rì lọ́dún 1941, ni gbogbo wọn ń fẹ́ rí. Mítà 30 nìsàlẹ̀ ibi tó wà, bẹ́ẹ̀ mítà 18 ni ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn àkọ́kọ́ mọ. Aṣojú ìrìnàjò tó bá ṣèlérí ọkọ̀ náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ṣẹ́ ń tanni ni. Ẹni tó bá sì mòòkùn léraléra gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 18, ó kéré tán, kó tó wọ bàlúù. Kí ará Ìbàdàn tó fẹ́ fi òwúrọ̀ ọjọ́ àbọ̀ mòòkùn lẹ́ẹ̀kan sí i gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, adágún Ẹlẹ́yẹlé wà nítòsí yín ní Jẹ́ríkò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ yín kò mọ odò wẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn sì máa ń ní kéèyàn lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ san owó olùkọ́ odò wíwẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó bàlúù. Ẹ bi aṣojú pé níbo ni yàrá onírin tó súnmọ́ ibi tí ọmọ yín ti máa mòòkùn jù lọ wà. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gba owó yín padà.