Làkúrègbé Tó Ń Wú Ìka: Kì í Ṣe Ọ̀lẹ, Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ayé

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé tàbí ìpín èrè. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ṣùgbọ́n ó kan àpò ẹgbẹ́, ó sì kan bí a ṣe ń bá ara wa gbé.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta gààrí kò lè di kọ́ńgò mú mọ́ láàárọ̀. Ìka ọwọ́ wọn méjèèjì wú, ọrùn ọwọ́ ń gbóná, ó dìgbà tí oòrùn bá mú kí wọ́n tó lè ká ìka. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yáwó láti fi tọ́jú ara, àwọn kan ní àwọn ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní ọmọ aráyé ló ṣe é. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ dé ìpàdé. Lójú tiwa, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Gbogbo ìrora oríkèé la máa ń pè ní làkúrègbé, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúnkún àgbàlagbà tó ń dùn bí ó bá rìn jìnnà, tó sì ń rọ̀ bí ó bá jókòó, ìyẹn lọ́tọ̀. Èyí tí à ń wí yìí, àwọn dókítà ń pè é ní rheumatoid arthritis. Oríkèé kéékèèké ló sábà máa ń mú: ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì pọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oríkèé á gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì máa ń rẹ onítọ̀hún bí ẹni tó roko mọ́jú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ara wa láti bá kòkòrò àìsàn jà ló ṣi ojú mọ̀, tí wọ́n wá dojú ìjà kọ oríkèé onílé. Bí ọlọ́dẹ tí a gbà kó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, tó wá ń na oníṣọ́ọ̀bù. Bí a kò bá tètè dá ìjà náà dúró, á jẹ eegun, ìka á wọ́, kò sì ní nà mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 18 ènìyàn ló ní i káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí 70 nínú 100 wọn ló jẹ́ obìnrin.

Ẹnìkan lè ní àìsàn òyìnbó ni. Lóòótọ́, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993 nípa ìgbèríko kan ní Nàìjíríà kò rí ẹyọ ẹnìkan tó ní i. Ṣùgbọ́n ní 2010, àwọn dókítà ilẹ̀ wa tẹ ìròyìn 200 aláìsàn jáde, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ó lè má wọ́pọ̀, àmọ́ ó wà láàárín wa.

Kí ló wá ń fà á? Ohun kan ṣoṣo kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wà níbẹ̀. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní HLA-DRB1. Oríṣi rẹ̀ kan ń mú kí ẹni tó jogún rẹ̀ tètè kó sí i. Ṣùgbọ́n àjogúnbá nìkan kò tó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìbejì. Wọ́n ṣe ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, lórí ìbejì tó jẹ́ pé ọlẹ̀ kan ló pín sí méjì, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá. Bí Táíwò bá ní àìsàn yìí, nǹkan bí 15 péré nínú 100 Kẹ́hìndé ló ní i. Bó bá ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, gbogbo Kẹ́hìndé ni ì bá ní i.

Kí ló kù? Sìgá ni a mọ̀ jù. Ìwádìí kan láti Sweden ní 2006 fi hàn pé ẹni tó jogún jíìnì yìí lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, tó tún ń mu sìgá, ewu oríṣi àìsàn yìí tó wọ́pọ̀ jù fún un tó ìlọ́po 21 ti ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó dà bí ẹ̀yáwó wa: orúkọ ènìyàn lè wà nínú ìwé, àmọ́ bí kò bá sí onígbọ̀wọ́, owó kì í jáde. Àjogúnbá ni orúkọ, sìgá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́. Àwọn yòókù ni eruku òkúta tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń fà símú, ara tó sanra jù, àti àìsàn èrìgì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló wà tí kò fẹnu kan sìgá rí tó mú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú aláìsàn pé òun ló fọwọ́ fà á. Kí a má sì torí rẹ̀ kọ ọmọ ilé wọn fún ìgbéyàwó, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni kò ní ní i láéláé.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Bí ìka bá wú lápá méjèèjì tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì gan-an. Oògùn wà tó ń dá ìjà náà dúró, bíi methotrexate, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí oògùn àpòpọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó lè mú ìrora lọ lónìí, kó fún ni ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́la, kí eegun sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Èyí ni ìmọ̀ràn tí a fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ní ìpàdé gbogbogbòò. Èkíní, ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá, kó gba ẹ̀yáwó ìtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí owó ìfipamọ́ rẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Èkejì, kí a má gba owó ìtanràn àìtètèdé lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbi ìpàdé wa mọ́. Àwọn kan yóò ní owó ẹgbẹ́ á wọlé lọ. Àwa ní bí ẹni náà bá tètè gba ìtọ́jú, á padà sọ́jà, á sì san gbèsè rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wọ́ tán, kí ló fẹ́ fi san án?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ń dùn ún láàárín wa, ẹ má jẹ́ ká yọ ọ́ sílẹ̀ nínú àgbájọ náà. Ọlọ́run yóò fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Ó dìgbà ìpàdé o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́