Àkúnwọ́sílẹ̀ tàbí Àkúnyalé?

Bí ìsọfúnni bá pọ̀ ju àyè ìgbàdúró tí a pèsè fún un nínú kọ̀ǹpútà lọ, ó rọrùn fún olùtúmọ̀ láti pe àléébù náà ní “àkúnwọ́sílẹ̀”. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá a mu. Bí táńkì epo bá kún jù ní Kirikiri, ilẹ̀ ni epo ń dà sí. Ojú ń rí i, imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Àpọ̀jù ìsọfúnni a máa ya wọ àyè kejì, a máa pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, ọ̀tá sì lè ti ibẹ̀ fi àṣẹ tirẹ̀ darí ẹ̀rọ. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ ni a tú síta ní 2008 nínú CitectSCADA, ètò tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń darí ẹ̀rọ: kò wọn gígùn ìsọfúnni kí ó tó gbà á wọlé.

Ará Ajégúnlẹ̀ mọ “omíyalé”. “Àkúnyalé” ni ó yẹ kí a lò. Àkúnwọ́sílẹ̀ ni ènìyàn ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìkìlọ̀ tí ó bá dún bí àdúrà kì í ta olùṣọ́ ẹ̀rọ jí.