Bí Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bá Ń Ké, Ẹ Má Ṣe Di Etí

Ọkọ̀ kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n a máa sọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí irin abẹ́ ọkọ̀ tó fọ́, yóò ti ké fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí ó dùn wá ni pé bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn, ohùn rédíò ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ń gbé sókè. Àwọn mìíràn tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ wọn a tilẹ̀ da iyẹ̀ pákó mọ́ ọ́ìlì, kí ariwo náà lè dákẹ́ títí owó yóò fi wọlé. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi pa mọ́.

Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké òde òní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kó èrò àti ẹrù wa, bí Toyota HiAce àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yìn ni agbára wọn wà. Ọ̀pá gígùn kan ni ó ń gbé agbára láti ibi jíà lọ sínú àpótí irin róbótó tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Eyín irin inú àpótí yìí ni ó ń pín agbára sí ọ̀tún àti òsì, bíárìn tí ó wà ní ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń jẹ́ kí ó yí wọ́ọ́rọ́.

Ariwo ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Bí ó bá ń kùn bí oyin nígbà tí a tẹ ọkọ̀ kí ó sáré, tí ohùn náà sì yí padà bí a ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, eyín irin inú àpótí ni kí a fura sí. Bí ó bá ń dún bí ìgbà tí a ń lọ ata, tí ó ń pọ̀ sí i bí eré ti ń pọ̀, yálà a tẹ ọkọ̀ tàbí a kò tẹ̀ ẹ́, bíárìn ni. Bí irú èyí bá le sí i nígbà tí ọkọ̀ ń yà sí òsì, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀ fì sí. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì ìgbà tí a bá ń ṣẹ́ kọ́nà ni ó ń dún, àwọn eyín irin kéékèèké tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan yára ju èkejì lọ ni ó ń ráhùn. Bí ó bá dún “kò!” nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, oríkèé ọ̀pá gígùn náà ni kí a wò. Bí ariwo bá sì yí padà kìkì nítorí pé ọ̀dà ojú títì yí padà, táyà ni ó jẹ̀bi.

Àyẹ̀wò yìí kò gba owó. Kí a pa rédíò, kí a wa ọkọ̀ lójú títì tí ó tẹ́jú, kí a sì kíyè sí ìgbà tí ariwo ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi igi dí ẹsẹ̀ iwájú, kí a gbé ẹ̀yìn lé orí irin tí ó dúró ṣinṣin, kí a sì fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí a wo ọ́ìlì inú àpótí bóyá ó ti gbẹ, tàbí bóyá iyẹ̀ irin wà nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò ṣe èyí, tí ó kàn ní kí a pààrọ̀ gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, owó olówó ni ó ń fi ṣòfò.

A mọ ohun tí awakọ̀ yóò wí: owó kò sí, ọlọ́kọ̀ sì ń retí owó ojúmọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bíárìn kan tí a pààrọ̀ lónìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tí yóò bàjẹ́ lọ́la. Ohun tí ó burú jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bíárìn yìí náà ni ó di ọ̀pá ẹsẹ̀ mú. Bí ó bá fọ́ túútúú, ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lè jọ yọ jáde lórí eré, pẹ̀lú èrò mẹ́rìnlá nínú ọkọ̀, ní ojú ọ̀nà bí títì Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978.

Nítorí náà, a ń ké sí àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ àtúnṣe fún awakọ̀ wọn láìgba owó ọjọ́ náà. A ń rọ ìjọba kí ó má ṣe jẹ́ kí a fún ọkọ̀ èrò kankan ní ìwé ẹ̀rí láìwo abẹ́ rẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe lójú títì. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí eyín irin ti ń gbé agbára, ẹ mú wọn dé abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin èrò pẹ̀lú, bí ẹ bá gbọ́ igbe lẹ́yìn, ẹ bi awakọ̀ léèrè; bí kò bá dáhùn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.