Kí la tìtorí ẹ̀ ṣílẹ̀kùn?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó ní Mende níbí láti kọ ohun tí ìjọ tuntun wa wà fún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di kókó 17: kùrùséèdì, ẹgbẹ́ akọrin, bọ́ọ̀sì, jẹnẹrétọ̀... Lọ́jọ́ Ìsinmi a kà á sétí ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, a bi màmá àgbà kan pé, "Mà, kí ni ìjọ wa wà fún?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò rántí ìkankan. Ẹ̀bi wọn kọ́, ẹ̀bi wa ni.

Ẹ rántí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn. Àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, pẹ̀lú Bàbá Joseph Shadare, kóra jọ fún ohun kan ṣoṣo: àdúrà. Ohun tí ọmọdé lè fẹnu sọ ni. Ẹgbẹ́ Precious Stone yẹn wà lára gbòǹgbò Christ Apostolic Church tí gbogbo wa mọ̀ lónìí.

Èrò tiwa rèé: gbólóhùn kan ti tó ìjọ tuntun. Tiwa ni: a ó gbàdúrà pẹ̀lú ẹni tó bá wọlé, a ò sì ní jẹ́ kó dá ẹrù rẹ̀ gbé. Ètò tí kò bá ran èyí lọ́wọ́, kó dúró ná, títí kan àga pásítọ̀ tuntun tá a ti ń wò lọ́jà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó tún bi Màmá.

Olúwa á ràn wá lọ́wọ́, lórúkọ Jésù. Àmín.