Bọ́lẹ̀kájà Yẹ ní Títọ́jú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka bọ́lẹ̀kájà sí yẹpẹrẹ, pé ọkọ̀ tálákà ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ìlú Ọba ni ẹ́ńjìnnì àti irin ìdí Bedford ti wá, ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà Yorùbá ni ó fi pákó kan ara rẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn sì fi ọ̀dà kọ òwe sí i. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó mọyì ọkọ̀ àtijọ́ a máa tún Ford Model T kàn, wọn a sì máa fi í yangàn.

Lóòótọ́, pákó kì í gba èrò là nígbà ìjàm̀bá. Kí bọ́lẹ̀kájà má ṣe padà sójú títì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìlú tọ́jú díẹ̀ pamọ́. Ará Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ rí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní láti lọ sí London, níbi tí ó wà láti 1924. Ohun tí a ní ni à ń náání.